Dọ́là fàdákà ọdún 1891 tí màmá wa fi sílẹ̀: ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń díye lé e?

Àdùnní_Maryland

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá wa papò dà lọ́dún tó kọjá. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n sì tọ́jú ọ̀pọ̀ arúgbó nínú ilé wọn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìyá òyìnbó kan lára àwọn arúgbó náà ló fún wọn ní dọ́là fàdákà kan, gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn láti kékeré. Nígbà tá a ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, a rí i nínú agolo páúdà, wọ́n fi ańkáṣíìfù wé e.

Orí obìnrin wà lójú kan, 1891 wà lábẹ́ ọrùn rẹ̀. Ẹyẹ idì wà lójú kejì, lẹ́tà O kékeré kan sì wà lábẹ́ ewé tó wà nísàlẹ̀ ẹyẹ náà, lókè ọ̀rọ̀ DOLLAR. Bèbè rẹ̀ ti dúdú díẹ̀, tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ ẹ máa rí àwọ̀ bíi wúrà àti búlúù. Irun tó wà lókè etí obìnrin náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní àpá wẹ́wẹ́.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ra wúrà àti fàdákà. Ọkùnrin náà wò ó fìrí, ó ní ojú rẹ̀ ti jẹ, ìyẹn ni pé wọ́n ti ná an títí tí àwòrán rẹ̀ fi tẹ́, àti pé owó fàdákà inú rẹ̀ nìkan lòun máa san. Àbúrò mi obìnrin wá ní ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ kó dán, ká tó gbé e fún ẹlòmíràn wò. Àwa mẹ́ta ni màmá bí, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó dá nǹkan kan sílẹ̀ láàárín wa. Báwo ni mo ṣe lè mọ iye tó tó gan-an?

Ṣọlá_Peckham

Ha! 1891! Ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni o. Ohun tó ti lé ní ọdún 130! Ó kéré tán á tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí irú rẹ̀ lórí eBay báyìí, iye tí wọ́n kọ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Àkàndé, Atlanta

Ṣọlá, rọra. Iye tí ẹni tó ń tajà kọ sára ọjà rẹ̀ kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni rà á. Lórí eBay yẹn kan náà, ibì kan wà tí wọ́n ti ń to èyí tí wọ́n ti tà tán. Ibẹ̀ ni kó o lọ wò. Ọjọ́ orí nìkan kì í sọ kọ́ìnì di olówó ńlá.

Àdùnní, ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín là ń pè ní Morgan, nítorí George T. Morgan ló ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n rọ ọ́ láti 1878 títí dé 1904, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n tún rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1921. Gíráàmù 26.73 ni ìwọ̀n rẹ̀. Ìdá 90 nínú 100 jẹ́ fàdákà, ìyókù jẹ́ bàbà. Lẹ́tà O yẹn túmọ̀ sí pé New Orleans ni wọ́n ti rọ ọ́. S ni ti San Francisco, CC ni ti Carson City ní ìpínlẹ̀ Nevada, D ni ti Denver, 1921 nìkan sì ni tiwọn nínú àwọn ti àtijọ́. Èyí tí kò bá ní lẹ́tà kankan, Philadelphia ló ti wá. Mò ń sọ èyí nítorí mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn máa pe ti Philadelphia ní ayédèrú torí pé wọn kò rí lẹ́tà lára rẹ̀.

New Orleans rọ bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ ní 1891. Ìyẹn kò ní kẹ́ ẹ rò pé mílíọ̀nù mẹ́jọ ló ṣì wà. Òfin Pittman ti ọdún 1918 mú kí ìjọba Amẹ́ríkà yọ́ dọ́là fàdákà tó lé ní mílíọ̀nù 270, kò sì sẹ́ni tó ṣàkọsílẹ̀ ọdún àti lẹ́tà tó wà lára àwọn tí wọ́n yọ́. Iye tí wọ́n rọ kò lè sọ iye tó kù fún wa.

Owó fàdákà inú rẹ̀ nìyí: fàdákà gidi tó wà nínú ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n ounce 0.7734, ti àwọn oníwúrà. Ẹ wo iye tí ounce kan ń lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.7734. Tí ounce bá jẹ́ $30, ti inú kọ́ìnì yín á jẹ́ $23 àti díẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn.

Ní ti irun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti jẹ nìyẹn. Láì tíì rí i, gíréèdì VF tàbí EF ni mo máa pè é, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń sọ bí kọ́ìnì ṣe jẹ tó. Ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn lè má tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọsàn kàn án o! Ẹ gbọ́ tèmi lórí ìyẹn.

Ìyá Bọ̀dé, Ìbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọsàn ṣe yín? Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni ìyá mi fi ń fọ ẹ̀gbà fàdákà àti gbogbo ohun èlò bàbà nílé, wọ́n á máa kọ mànà, wọn ò sì bàjẹ́ títí dòní. Ta ló máa fowó gidi ra ohun tó dúdú?

Tọ́pẹ́_Dallas

Ìyá Bọ̀dé, ẹ kú ilé mà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kọ́ìnì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀gbà, ẹwà rẹ̀ lọ́wọ́ la fẹ́, ẹ lè fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Kọ́ìnì yàtọ̀, awọ ojú rẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń kó o jọ ń rà. Nígbà tí irin òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sí kọ́ìnì sọ̀ kalẹ̀ lé fàdákà náà, fàdákà ṣàn láti àárín lọ sí bèbè, ó sì fi ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ìlà yẹn ló ń mú kó dán bó ṣe ń dán. Oje ọsàn ń jẹ wọ́n, eérú ń ha wọ́n. Ó máa funfun lóòótọ́, àmọ́ funfun tí kò ní ẹ̀mí ni, ẹni tó mọ̀ á sì ti rí i láti òkèèrè.

Ilé iṣẹ́ méjì ni gbogbo ọjà ń tẹ̀ lé lórí gíréèdì, PCGS tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 àti NGC tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Tí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọn kò ní fún un ní nọ́ńbà. Wọ́n á kọ ọ́ sí i lára pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, iye rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Páàsì ìfọyín kò dára, aṣọ tí wọ́n fi ń nu fàdákà kò dára, omi ìfọfàdákà inú ike kò dára. Àwọ̀ wúrà àti búlúù tí Àdùnní sọ yẹn, àwọn kan wà tí wọ́n máa fowó kún owó nítorí rẹ̀!

Àdùnní, bèbè nìkan ni kẹ́ ẹ máa fi ìka dì mú. Ẹ yọ ọ́ nínú ańkáṣíìfù. Ẹ ra àpò kékeré tí wọ́n fi Mylar, irú ike kan tí kì í ba kọ́ìnì jẹ́, ṣe fún kọ́ìnì, kì í wọ́n. Èyí tó rọ̀ gan-an tó sì ń rùn bíi ike tuntun, PVC ni, ó máa ń mú ohun aláwọ̀ ewé kan jáde tó ń lẹ̀ mọ́ fàdákà.

Gbóyèga_Leeds

Ṣé fàdákà tiẹ̀ ni? Ẹ gbé òòfà sí i. Tí òòfà kò bá fà á, fàdákà ni. Ó parí.

Bàbá Àkàndé, Atlanta

Kò parí síbẹ̀ o, Gbóyèga. Òòfà kì í fa bàbà, kì í fa òjé, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ayédèrú sì fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tí òòfà bá fà á, ayédèrú ni. Tí kò bá fà á, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan.

Àdùnní, ẹ ra sìkéèlì kékeré tó ń ka gíráàmù dé nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì. Ẹ wọn kọ́ìnì náà ní gbígbẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá gbé ife omi lé sìkéèlì, ẹ dá nọ́ńbà padà sí òdo. Ẹ fi okùn ìránṣọ so kọ́ìnì, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi tí omi á fi bò ó, àmọ́ kó má kan ìdí ife, kó má sì kan ẹ̀gbẹ́ ife náà. Nọ́ńbà kékeré kan máa yọ. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn pín ìwọ̀n gbígbẹ. Fún Morgan gidi, ó yẹ kó jẹ́ bíi 10.3. Òjé á ju bẹ́ẹ̀ lọ, bàbà ò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún olówó ńlá ni àwọn ayédèrú fẹ́ràn jù. 1893-S, 100,000 péré ni wọ́n rọ. 1889-CC, 350,000. Wọ́n á mú èyí tí kò ní lẹ́tà, wọ́n á lẹ lẹ́tà mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó máa ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀ lórí 1891-O, ṣùgbọ́n àwọn kan ń rọ odidi kọ́ìnì ayédèrú fún ọdún yòówù, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n.

Tọ́pẹ́_Dallas

Ẹ fi omi tó mọ́ ṣe é o, tẹ́ ẹ bá sì yọ ọ́ tán, ẹ fi aṣọ rírọ̀ fa omi náà mu. Ẹ má nù ún.

Bàbá Àkàndé, ẹ má bínú sà, mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ irun yẹn. Ká ní ti San Francisco ni, irú 1881-S, mi ò ní jiyàn. Òǹtẹ̀ tiwọn máa ń wọlé dáadáa, tí irun bá ti tẹ́, ó ti jẹ. New Orleans kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, 1891 sì wà lára ọdún tí tiwọn burú jù. Wọn kì í jẹ́ kí irin òǹtẹ̀ méjèèjì súnmọ́ ara tó, kí irin náà lè pẹ́ kó tó bàjẹ́, ìyẹn ni fàdákà kì í fi dé ibi tó jìn jù nínú irin. Ibi tó jìn jù yẹn ni irun òkè etí. Àyà ẹyẹ idì ló wà ní òdìkejì, àwọn méjèèjì ló sì jọ máa ń tẹ́. Kọ́ìnì lè ṣàì tíì wọ àpò ẹnikẹ́ni rí, kó sì tẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́. Ẹni tó wo irun nìkan tó ní ó ti jẹ kò tíì wo kọ́ìnì yẹn.

Gíréèdì ń lọ láti 1 dé 70. William Sheldon ló gbé e kalẹ̀ ní 1949 fún owó sẹ́ńtì àtijọ́, gbogbo kọ́ìnì ni wọ́n wá ń lò ó fún báyìí. MS bẹ̀rẹ̀ láti 60 sókè, ìyẹn èyí tí wọn kò ná rí. AU wà láti 50 dé 58, ó ti jáde sọ́jà àmọ́ kò pẹ́ níbẹ̀. EF ni 40 àti 45, VF bẹ̀rẹ̀ láti 20. PCGS ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Photograde, ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa rí àwòrán Morgan ní gíréèdì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ẹ gbé tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣe èyí lálẹ́. Ẹ pa iná òkè yàrá, ẹ tan iná tábìlì kan ṣoṣo. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́ ọwọ́ yín, bó bá já bọ́ kó má bà jẹ́. Ẹ di bèbè mú, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná. Kọ́ìnì tí kò jẹ máa ń ní ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ tó ń yí lójú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹ máa wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ yẹn ti ń já. Tó bá gba orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, tó tún gba orí irun tó tẹ́ yẹn kọjá láì já, òǹtẹ̀ ni kò wọlé. Tó bá já, tí ibẹ̀ ṣú bí eérú, ó ti jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo òkè etí yẹn. Ibi tí òǹtẹ̀ kò dé máa ní ihò wínníwínní àti ìlà tó ti wà lára fàdákà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ibi tó jẹ máa ń dán gbinrin, kò ní ní ìkankan nínú wọn.

Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í ṣe jíjẹ. Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n máa ń kó sínú àpò kan, wọ́n á sì máa gbá ara wọn bí wọ́n ṣe ń gbé àpò káàkiri. Ó máa dín nọ́ńbà kù, àmọ́ kò sọ MS di AU.

Fẹ́mi_Bronx

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tèmi 1921 ló wà lára rẹ̀, kò ní lẹ́tà, ó ń dán gan-an. Ṣé kí n máa dunnú?

Bàbá Àkàndé, Atlanta

Fẹ́mi, Philadelphia rọ ju mílíọ̀nù 44 lọ́dún yẹn. Tá a bá kó ti Denver àti San Francisco pọ̀ mọ́ ọn, ó lé ní mílíọ̀nù 86. Irin tuntun ni wọ́n fi rọ wọ́n, àwòrán rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti àtijọ́. Fi sílé, kọ́ìnì tó dára ni, àmọ́ má náwó lórí gíréèdì rẹ̀.

Tọ́pẹ́, mo gbọ́ tìẹ, òótọ́ lo sọ nípa New Orleans. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ta kọ́ìnì tó ti jẹ ló máa ń sọ fún oníbàárà pé òǹtẹ̀ ni kò wọlé. Àdùnní, ẹ tún wo irun tó wà lókè iwájú orí rẹ̀, ẹ wo orí ewé òwú tó wà lára fìlà rẹ̀. Àwọn ibẹ̀ yẹn kò sí lára ibi tí òǹtẹ̀ kì í dé, wọ́n sì tètè máa ń jẹ. Tí àwọn náà bá ti tẹ́, Tọ́pẹ́ ò ní lè sọ pé òǹtẹ̀ ni.

Àdùnní_Maryland

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ra sìkéèlì. Ó wọn 26.68 ní gbígbẹ, inú omi fún mi ní 2.58. Mo pín in, ó jẹ́ 10.34.

Mo pa iná bí Tọ́pẹ́ ṣe wí. Ìmọ́lẹ̀ yẹn wà o! Ó yí dáadáa lójú méjèèjì. Ó gba orí irun tó tẹ́ yẹn kọjá, mo sì rí àwọn ihò wínníwínní tí wọ́n sọ, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Ewé òwú ṣì ní ìlà tiẹ̀ ní kedere. Àmọ́ lójú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní apá òkè níbi tó súnmọ́ ojú, ibì kan wà tí kò ju orí ìka ọmọdé lọ tí ìmọ́lẹ̀ náà ti ṣú díẹ̀. Kò já pátápátá. Mo yí i títí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Bàbá Àkàndé, Atlanta

Ìwọ̀n rẹ̀ dára, fàdákà gidi ni. Mo sì yí ohùn mi padà lórí irun, Tọ́pẹ́ ló jàre. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ni mo dúró lé. Níbi tó ti ṣú yẹn, ó ti fara kan tábìlì tàbí àpò rí. AU-58 ni mo máa pè é.

Tọ́pẹ́_Dallas

Ó lè jẹ́ AU-58. Ó sì lè jẹ́ MS-61 tàbí 62 tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ara ha ti ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àpò, nítorí ìyẹn náà máa ń mú kó ṣú. Àlà tó wà láàárín méjèèjì tín-ín-rín gan-an, àwọn tó ń fi gíréèdì ṣiṣẹ́ ṣe gan-an máa ń jiyàn lórí rẹ̀. Fọ́tò kò lè yanjú rẹ̀.

Ibi tí owó wà nìyí. 1891-O tó ti jẹ kò fi púpọ̀ ju owó fàdákà inú rẹ̀ lọ. AU dára jù bẹ́ẹ̀. Tó bá ti wọ MS, iye rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ní MS-65 ó ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, torí pé èyí tó mọ́ bẹ́ẹ̀ tí òǹtẹ̀ rẹ̀ sì wọlé kò wọ́pọ̀ rárá. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ sọ kò ní jẹ́ kí tiyín dé 65. Ẹ má fọkàn sí iye yẹn. Ẹ lọ sí ibi àkójọ títà tí Heritage Auctions, ilé iṣẹ́ tó ń ta kọ́ìnì ní gbàǹjo, fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ 1891-O, kẹ́ ẹ wo iye tí AU-58 àti MS-62 ti tà láìpẹ́ yìí. Kì í ṣe iye tí wọ́n ń bèèrè, iye tí wọ́n san. Kẹ́ ẹ sì rántí pé ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kò lè san gbogbo iye yẹn fún yín, òun náà fẹ́ jèrè.

Tó bá jẹ́ èmi, mo máa fi ránṣẹ́ fún gíréèdì.

Lánre_Chicago

Èmi ò ní fi ránṣẹ́ o. Oníṣirò owó ni mí, ojú ìnáwó ni mo fi ń wò ó. Ẹ máa san owó gíréèdì, owó ìfìwéránṣẹ́ lọ àti bọ̀, owó ìbánigbófò, ẹ sì máa san owó ẹgbẹ́ wọn tàbí kẹ́ ẹ gba ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n fọwọ́ sí. Tó bá padà dé pẹ̀lú AU-58, ẹ ti lè jẹ díẹ̀ lára èrè yín. Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á dájú.

Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àbúrò yín: ṣé a fẹ́ tà á, àbí ẹnì kan nínú wa fẹ́ gbà á? Tí ẹnì kan bá fẹ́ gbà á, ẹ gbé e fún oníṣọ́ọ̀bù kọ́ìnì méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kì í ṣe oníwúrà. Ẹ má bi wọ́n pé kí ló tó. Ẹ bi wọ́n pé, èló lẹ máa san fún mi lónìí? Ẹ kọ èsì wọn sílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ gbà á san ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ga jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì yòókù.

Ní ti owó orí: ohun tẹ́ ẹ jogún, iye tó tó lọ́jọ́ tí màmá kú ni ìjọba Amẹ́ríkà máa fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò èrè. Kò sí ohun tó kàn wọ́n pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún màmá. Èrè tó bá lé lórí iye ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n máa wò. Fún kọ́ìnì àti irú ohun báyẹn, ìdá 28 nínú 100 ni owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí èrè náà lè ga dé. Nítorí náà, ẹ gba ìwé iye rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ déètì ikú màmá sínú rẹ̀.

Tọ́pẹ́_Dallas

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n Lánre pé tí wọn kò bá fẹ́ tà á, kò pọn dandan. Ibi tí mi ò ti gbà ni pé ẹni mẹ́ta ló ni kọ́ìnì yìí. Oníṣọ́ọ̀bù kan lè pè é ní AU, kí ìkejì pè é ní MS, kí ẹ̀gbọ́n rò pé àbúrò ló yan èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nọ́ńbà tó wà lára ike tí PCGS tàbí NGC máa ń fi dé kọ́ìnì kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àdùnní_Maryland

Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ gbà á, òun ló sì ní ká fi ránṣẹ́, pé òun máa san owó rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ní òun ti gbé ọsàn kúrò nílẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa dì í tí kò fi ní fara pa lójú ọ̀nà?

Tọ́pẹ́_Dallas

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ojú méjèèjì àti bèbè, pẹ̀lú fọ́tò sìkéèlì. Ẹ fi sínú àpò Mylar, ẹ fi páálí líle méjì há a láàárín, ẹ lẹ bèbè páálí náà pọ̀, kí gọ́ọ̀mù má kan kọ́ìnì. Ẹ fi sínú páálí kékeré, ẹ kó bébà yí i ká kó má lè mì. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, Registered Mail ni kẹ́ ẹ bèèrè, kẹ́ ẹ sì san owó ìbánigbófò rẹ̀. Teepu bébà aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà fún un, wọn kì í gba èyí tó ń dán. Ẹ má kọ kọ́ìnì tàbí PCGS síta páálí náà, àdírẹ́sì lásán ni. Wọ́n máa bi yín lórí fọ́ọ̀mù bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó fún un ní gíréèdì. Ẹ kọ rárá.